Àtàjù VPS: Níbo Gan-an Ni RAM Tí Ẹ San Owó Rẹ̀ Wà?

 

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń ta VPS tí kì í ta ju ohun tó ní lọ. Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, kí n má baà máa yí i po. Ẹni tó fi ẹ̀rọ méjì péré ṣòwò ń ṣe é, ilé iṣẹ́ tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ náà ń ṣe é. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni irú nǹkan tí kálukú ń tà jù, bó ṣe pọ̀ tó, àti bóyá ẹni tó rajà lè rí i. Àtàjù ni màá máa pè é lónìí, kí ó lè yá lẹ́nu.

Mi ò wá bú ẹnikẹ́ni. Àtàjù wà lára ohun tó jẹ́ kí VPS dínwó débi tí akẹ́kọ̀ọ́ fi lè rà á. Ìmọ̀ràn kan tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń gba ara wọn nígbà tí wọ́n bá fẹ́ rajà ló gbé mi dìde: "Má ra OpenVZ o, wọ́n máa ń tà á jù. KVM ni kó o rà, KVM ò ṣeé tà jù." Ìdajì àkọ́kọ́ ní òótọ́ nínú. Ìdajì kejì kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀nà yòówù kí wọ́n gbà pín ẹ̀rọ, ì báà jẹ́ OpenVZ tàbí KVM, àtàjù á ríbi wọlé. Ibi tí yóò sá pamọ́ sí nìkan ló ń yàtọ̀. Ẹni tí kò bá mọ ibi ìsápamọ́ náà á máa wá a níbi tí kò sí, á sì máa dúpẹ́ pé wọn ò rẹ́ òun jẹ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Ẹnì kan ra kọ̀ǹpútà ńlá kan, tàbí ó háyà rẹ̀, ó gbé e sí data centre ní Jámánì, ní Amẹ́ríkà tàbí l'Ékòó. Ó fi sọ́fítíwià pín in sí ọ̀nà ọgbọ̀n tàbí ọgọ́ta. Ìpín kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́ẹ̀sì IP tirẹ̀, ó ní password tirẹ̀, ẹni tó rà á sì lè ṣe inú rẹ̀ bó ṣe wù ú, bí ẹni pé odidi kọ̀ǹpútà ló rà. Ìpín yẹn ni VPS. Èyí tí wọ́n pín ni màá máa pè ní ẹ̀rọ ìyá.

Òwò náà ti pẹ́ láyé. IBM ti ń pín kọ̀ǹpútà báyìí ní ilé ìwádìí wọn ní Cambridge, ìpínlẹ̀ Massachusetts, kí ọdún 1970 tó dé, wọ́n sì gbé VM/370 jáde lọ́dún 1972, èyí tó jẹ́ kí ẹni kọ̀ọ̀kan tó jókòó sídìí ẹ̀rọ rò pé òun nìkan ló ni ín. Àwọn onítẹlifóònù ti mọ ìdí tó fi ṣeé ṣe kí IBM tó débẹ̀. A. K. Erlang, ọmọ orílẹ̀-èdè Denmark tó ń bá ilé iṣẹ́ tẹlifóònù Copenhagen ṣiṣẹ́, tẹ ìwé kan jáde ní 1909 lórí bí ìpè ṣe ń wọlé. Ìwé yẹn àti àwọn tó kọ tẹ̀ lé e ni wọ́n fi ń ṣírò iye wáyà tó lè tó iye èèyàn báyìí. Kò sí ilé iṣẹ́ tó ra wáyà tó lè gba gbogbo ìlú bí gbogbo wọn bá gbé fóònù lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí èmi kì í bi aládùúgbò mi kí n tó tẹ ẹ̀gbọ́n mi láago. Kálukú ń pè láìmọ ìgbà tí ẹlòmíì ń pè. Ẹ bá mi fi èyí sọ́kàn, a óò padà sí i, torí ibẹ̀ ni gbogbo ìṣirò àtàjù dúró lé.

Ẹ wo ilé oníyàrá mẹ́wàá kan tó ní tánkì omi kan ṣoṣo, tánkì onílítà 2,000. Onílé sọ fún ayálégbé kọ̀ọ̀kan pé lítà 500 ni tirẹ̀ lójúmọ́. Bí ẹ bá rò ó pọ̀, 5,000 ni. Kò sẹ́ni tó máa bínú láti Mọ́ńdè títí di Fúráìdè, torí ẹni tó lọ síbi iṣẹ́ kò sí nílé láti bu omi. Sátidé ni gbogbo ilé ń fọṣọ. Onílé tó bá mọ̀ pé Sátidé ń bọ̀, tó pọnmi kún tánkì lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ náà, kò purọ́ fẹ́nì kankan. Èyí tó ta yàrá ogún mọ́ tánkì kan náà, tó sì pa fóònù rẹ̀ ní Sátidé, ẹ mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìyá díjú ju ti omi lọ, torí àwọn ohun tí wọ́n ń tà lórí rẹ̀ kò rí bákan náà. CPU jẹ́ àkókò. Bí kò bá tó, ẹni tó wà lẹ́yìn á dúró díẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ á falẹ̀, á sì parí. RAM kò mọ ìdúró. Ààyè wà tàbí kò sí. Bí kò bá sí, a óò kó nǹkan ẹnì kan lọ sórí disk, tàbí ká pa púrógíráàmù ẹnì kan. Ààyè orí disk dà bíi RAM, àfi pé kì í tètè kún. Ní ti íntánẹ́ẹ̀tì, òun ló rọrùn jù láti ta àtàjù, òun ló sì ń dunni kéré jù. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ẹni tó bá lo TB 1 ní ọgbọ̀n ọjọ́, tó sì pín in dọ́gba, nǹkan bíi Mbps 3 péré ló ń lò. Ọgọ́ta irú rẹ̀ lórí wáyà Gbps 1 kò tíì gba ìdá márùn-ún rẹ̀ kan. Ìgbà tí wọ́n bá kọ "unlimited" sára ọjà ni kẹ́ ẹ wá ìwé àdéhùn wọn kà, nítorí Gbps 1 tó ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru fún oṣù kan yóò gbé nǹkan bíi TB 324, kò sì sẹ́ni tó máa ta ìyẹn fún yín ní dọ́là márùn-ún.

Ìṣirò tó ká mi lára ni ti CPU àti RAM. Ká ní ẹ̀rọ ìyá kan ní thread CPU 32 àti RAM GB 128. VPS tí wọ́n ń tà jẹ́ ti vCPU 2 àti RAM GB 4. Ẹni tó ń tà á fi GB 8 sílẹ̀ fún ẹ̀rọ ìyá fúnra rẹ̀, ó ta VPS 30. RAM pé géérégé. Ti CPU ńkọ́? 60 ló tà lórí 32, àtàjù ti dé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Kò sí oníbàárà tó máa mọ̀, torí ọ̀pọ̀ ìkànnì kékeré ń sùn ni láti àárọ̀ dalẹ́. Wàyí o, owó iná gòkè, owó dọ́là gòkè, ó bá ta 30 mìíràn mọ́ ọn. vCPU di 120, RAM di GB 240 lórí ẹ̀rọ tó ní 128. Níbo ló ti fẹ́ rí GB 112 tó kù, ká tilẹ̀ má ka GB 8 ti ẹ̀rọ ìyá? Ẹ̀rọ kì í bímọ. Ìdáhùn ìbéèrè yìí ló yàtọ̀ láti orí ọ̀nà ìpín kan sí èkejì.

OpenVZ ni màá fi bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni orúkọ burúkú ti wá. Ilé iṣẹ́ SWsoft, tó ń ta Virtuozzo, ló gbé e jáde lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún 2005. Nínú OpenVZ, kernel kan ṣoṣo, ìyẹn ọkàn Linux tó ń darí ẹ̀rọ, ló ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo ọgọ́ta oníbàárà. VPS yín kì í ṣe kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Àwọn púrógíráàmù yín ni, tí wọ́n fi ọgbà yí ká kí ẹ má baà rí ti ẹlòmíì. Nítorí náà, kò sí ibì kankan nínú ẹ̀rọ ìyá tí ẹ lè nàka sí pé RAM mi rèé. Nọ́ńbà tó wà nínú tábìlì kan ni RAM yín. Orúkọ fáìlì tí tábìlì náà wà ni /proc/user_beancounters, ẹni tó bá sì lo OpenVZ àtijọ́ rí mọ bó ṣe máa ń rí:

privvmpages   61240   65536   65536   69632   318

Linux kì í ka RAM ní byte kọ̀ọ̀kan. Péèjì-péèjì ló ń kà á, péèjì kan sì jẹ́ byte 4,096 lórí àwọn ẹ̀rọ tí a sọ yìí. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ohun tí ẹ dì mú báyìí, èkejì ni ibi gíga jù tí ẹ ti dé rí, ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin ni ààlà. 65,536 nígbà 4,096 ń fún wa ní MB 256. Nọ́ńbà ìkẹyìn, 318 nínú àpẹẹrẹ tí mo kọ yìí, ni iye ìgbà tí púrógíráàmù yín bèèrè RAM tí kernel sì ní rárá. Failcnt ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ nìyẹn, wọn ò sì fi pamọ́ fún yín.

Ìlà mìíràn wà nínú tábìlì kan náà tí a ń pè ní vmguarpages. Ohun tí ẹ̀rọ ìyá ṣèlérí pé ẹ máa rí lọ́jọ́kọ́jọ́ nìyẹn. Nínú fáìlì àpẹẹrẹ tó bá OpenVZ wá, 33,792 ló wà níbẹ̀, ìyẹn MB 132. Ẹ fi méjèèjì wé ara wọn: MB 256 lẹ lè bèèrè, MB 132 ni wọ́n dá yín lójú. Àlàfo àárín wọn ni àwọn tó ń tajà sọ lórúkọ, wọ́n pè é ní "burst RAM", wọ́n sì kọ ọ́ sára ọjà ní lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà. Èmi ò rí ọjà mìíràn tí wọ́n ti fi àtàjù ṣe ẹ̀bùn fún oníbàárà bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń lo Java ló jìyà jù lórí rẹ̀. Privvmpages ń ka ohun tí púrógíráàmù béèrè, kò béèrè bóyá ó ti lò ó. Java sì fẹ́ràn láti gba ààyè ńlá sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Á béèrè, wọ́n á ka gbogbo rẹ̀ sí i lọ́rùn, á sì kú kó tó ṣe ohunkóhun, lórí VPS tí àṣẹ free ń sọ pé RAM ṣì kù nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni púrógíráàmù tó ń lo thread púpọ̀: thread kọ̀ọ̀kan ń bèèrè MB 8 fún stack tirẹ̀ bí wọn kò bá yí i padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ péré ló máa lò. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí "ulimit -s 256" nínú ìwé ìtọ́sọ́nà àtijọ́ fún OpenVZ. Àwọn èèyàn dà á kọ fún ọdún púpọ̀ láìmọ ohun tó wà fún. Nígbà tí kernel OpenVZ tó dá lórí 2.6.32 dé, wọ́n gbé vSwap wọlé, tábìlì yẹn sì rọrùn sí i: RAM iye báyìí, swap iye báyìí, ó parí. Àtàjù kò tìtorí ìyẹn tán. Nọ́ńbà ṣì ni RAM, ẹni tó ni ẹ̀rọ ìyá sì lè kọ nọ́ńbà tó bá wù ú fún èèyàn ọgọ́ta. Ọjọ́ tí gbogbo wọn bá wá gba nǹkan wọn, kernel kan náà yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó máa pa, ó sì lè jẹ́ MySQL ẹni tí kò ṣẹ̀ ni yóò kú.

Ti Xen kò gùn. Yunifásítì Cambridge ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é (Cambridge méjì ló ti wọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má jẹ́ kó dà yín rú), wọ́n sì fi han aráyé ní 2003. Àwọn ẹ̀rọ EC2 tí Amazon bẹ̀rẹ̀ sí í háyà fáyé ní 2006 dúró lé e lórí. Ohun tó dára nínú Xen fún oníbàárà ni pé ìgbà tí VPS bá ń bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń ya RAM rẹ̀ sọ́tọ̀ fún un. Bí èyí tó kù sílẹ̀ kò bá tó, VPS tuntun náà kò ní gbéra, ó di dandan kí ẹni tó ń tajà mọ̀ pé ọjà ti tán. Balloon wà nínú Xen náà, màá sọ ohun tó jẹ́ láìpẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ta RAM àtàjù níbẹ̀ ní láti ṣiṣẹ́ fún un. CPU kò ní irú ààbò yẹn. Ètò tó ń pín CPU nínú Xen fún VPS kọ̀ọ̀kan ní weight 256 láti ìbẹ̀rẹ̀, cap sì jẹ́ 0, tó túmọ̀ sí pé kò sí òté lórí ohun tí ẹnì kan lè gbà bí ààyè bá wà. Ta èèyàn mélòó ló wù yín, Xen ò ní sọ̀rọ̀. Disk náà, bákan náà. Ẹni tó ń polongo pé "Xen ni tiwa, a kì í tajù" ń sọ òótọ́ nípa RAM, ó sì dákẹ́ nípa ohun tó kù.

KVM ló wá gba ọjà. Avi Kivity, tó wà ní ilé iṣẹ́ Qumranet ní Ísírẹ́lì, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó wọ inú Linux 2.6.20 ní Oṣù Kejì ọdún 2007, Red Hat sì ra Qumranet ní 2008. Linode, ilé iṣẹ́ kan tó ń ta VPS, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2003 pẹ̀lú ọ̀nà ìpín mìíràn tí wọ́n ń pè ní User-Mode Linux, tó sì kó lọ sórí Xen, kó lọ sórí KVM ní 2015. Amazon náà kọjú sí i ní 2017 nígbà tí Nitro, ètò ìpín tuntun wọn, dé. Nínú KVM, VPS yín ní kernel tirẹ̀. Ẹ lè gbé Windows sí i. Ẹ rí RAM GB 4 nínú free, ó dúró ṣinṣin, kò sí tábìlì kankan tó ń ka failcnt. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gba ìgboyà láti sọ pé kò ṣeé tà jù.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sínú ẹ̀rọ ìyá wò ó. Lójú Linux tó wà níbẹ̀, VPS yín jẹ́ púrógíráàmù kan bíi ti Firefox orí kọ̀ǹpútà yín nílé. Púrógíráàmù bèèrè GB 4; Linux ní ó dáa, kò sì fún un ní nǹkan kan. Ìgbà tí ọwọ́ VPS bá kan péèjì kan fún ìgbà àkọ́kọ́ ni Linux tó wá péèjì gidi fún un. VPS tí kò tíì lò ju GB 1 lọ nínú GB 4 rẹ̀ kò gba ju GB 1 lọ lọ́wọ́ ẹ̀rọ ìyá. Ẹni tó ń tajà rí GB 3 tó ń ṣòfò, ó tà á fún ẹlòmíì.

Ìyẹn nìkan kọ́. Láti Linux 2.6.32 ní ìparí 2009 ni KSM ti wà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa rìn káàkiri inú RAM, kó máa wá péèjì tí ohun tó wà nínú wọn bára mu rẹ́gí. Bí VPS ogójì bá ń lo Ubuntu kan náà, péèjì wọn tó bára mu á pọ̀; KSM á sọ wọ́n di ẹyọ kan, á sì dá ààyè ìyókù padà fún ẹni tó ni ẹ̀rọ ìyá. VPS kankan kò ní mọ̀. Lẹ́yìn èyí ni balloon, dírẹ́bà kan tó ń gbé inú VPS yín, tó ń gbọ́ràn sí ẹ̀rọ ìyá lẹ́nu. Bí ẹ̀rọ ìyá bá fẹ́ GB 1 padà, á sọ fún un, á bèèrè GB 1 lọ́wọ́ kernel yín bí púrógíráàmù gidi, á sì yọ́ ọ lé ẹ̀rọ ìyá lọ́wọ́. Èyí ṣì ṣeé rí: àpapọ̀ RAM tí free ń sọ á dín kù, lsmod á sì fi virtio_balloon hàn yín. Ìkẹyìn nínú gbogbo rẹ̀, tó sì burú jù, ni kí ẹ̀rọ ìyá kó RAM yín sí swap lórí disk. Ẹ̀yin ń rí GB 4. Ìdajì rẹ̀ ti sùn sórí disk.

Bẹ́ẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú ọgbọ́n yìí ti wà ní gbangba kí KVM tó wà rárá. Carl Waldspurger ti ilé iṣẹ́ VMware ṣàlàyé pípa péèjì pọ̀ àti balloon nínú ìwé kan tó gbé síwájú àwọn onímọ̀ ní 2002. Nígbà tó di 2014, VMware fúnra wọn dá pípa péèjì pọ̀ láàárín VPS kan sí òmíràn dúró, àfi bí ẹni tó ni ẹ̀rọ bá tún un ṣí, nítorí àwọn olùwádìí ti fi hàn pé VPS kan lè fi bí péèjì tí wọ́n jọ ń pín ṣe ń yára sí mọ kọ́kọ́rọ́ AES tó wà nínú VPS kejì. Àtàjù RAM ti kúrò ní ọ̀rọ̀ owó nìkan níbẹ̀ yẹn.

Mo ní a óò padà sọ́dọ̀ Erlang. Àtàjù bójú mu bí àwọn oníbàárà kò bá jọ ń dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí? Ẹ ṣí /etc/crontab lórí Debian, ẹ óò rí ìlà tó ń sọ pé kí iṣẹ́ ojoojúmọ́ bẹ̀rẹ̀ ní agogo 6 kọjá ìṣẹ́jú 25 láàárọ̀. Lórí CentOS 5, agogo 4 kọjá ìṣẹ́jú 2 ni. Ẹni tó ń tajà mú template kan ṣoṣo, ó fi bí VPS ọgọ́ta. Gbogbo wọn ló jogún ìlà yẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wà lórí aago kan náà torí kò sẹ́ni tó yí i padà. Nígbà tí ó bá di agogo 6 kọjá ìṣẹ́jú 25, ọgọ́ta VPS jọ bẹ̀rẹ̀ sí í ká log, wọ́n jọ ń tún àkójọ orúkọ fáìlì ṣe fún locate, wọ́n jọ ń wo ohun tuntun tó dé. Disk onírin tó ń yí ní ìgbà 7,200 níṣẹ́jú kan kò lè ṣe ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ìbéèrè lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan bí àwọn ìbéèrè náà bá fọ́n káàkiri. Lẹ́sẹ̀ kan náà, péèjì tí KSM ti so pọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já, torí bí VPS kan bá ti kọ nǹkan sínú péèjì àjọlò, ó di dandan kí wọ́n fún un ní tirẹ̀. RAM tí ẹ̀rọ ìyá rò pé òun ti rí fi sílẹ̀ pòórá ní àsìkò tó nílò rẹ̀ jù. Àwọn tó ń kọ Linux ti rí i, wọ́n sì ti gbé oríṣiríṣi ọ̀nà dé láti fọ́n àkókò ká, bíi àwọn timer tó ń fi àkókò díẹ̀ kún ìgbà tí iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n template àtijọ́ ṣì wà nílẹ̀ o.

Báwo la ṣe máa ń rí i? Ẹ tẹ top, kẹ́ ẹ wo ìlà yìí:

%Cpu(s): 12.0 us, 3.0 sy, 0.0 ni, 40.0 id, 5.0 wa, 0.0 hi, 0.0 si, 40.0 st

us àti sy ni ohun tí púrógíráàmù yín àti kernel yín lò. id ni ìgbà tí ẹ kò ní iṣẹ́. wa ni ìgbà tí ẹ ń dúró de disk. Èyí tó kẹ́yìn, st, ni ìgbà tí ẹ ní iṣẹ́, tí ẹ fẹ́ ṣe é, ṣùgbọ́n CPU wà lọ́wọ́ ẹlòmíì. Nínú àpẹẹrẹ yìí, VPS náà fẹ́ CPU fún ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún, ó rí 15. Bí st bá wà ní 1 tàbí 2, èmi ò ní bínú. Bó bá dúró sí 10 fún wákàtí púpọ̀, lójoojúmọ́, màá kọ lẹ́tà sí ẹni tó tà á fún mi, màá sì máa wá ibòmíràn lọ.

Ṣùgbọ́n ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ẹ má sáré fi st ṣèdájọ́. Inú OpenVZ, kernel kan náà ni gbogbo yín, kò sí ẹni tó máa fi st hàn yín. Inú KVM, ẹni tó ni ẹ̀rọ ìyá lè pa á, tí yóò fi máa jẹ́ 0.0 títí láé. Bí wọ́n bá sì kó RAM yín sí swap, st kò ní kà á, torí ohun tó ń kà ni ìgbà tí VPS wà lórí ìlà tó ń retí CPU. Ẹni tó ń dúró de disk lórí ẹ̀rọ ìyá kò sí lórí ìlà yẹn. Ẹ óò kàn rí i pé VPS yín takú fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta láìsí ìdí, tí gbogbo nọ́ńbà inú top sì mọ́ lóló. Ní ti disk, ọ̀pọ̀ ló máa ń fi dd kọ fáìlì GB 1 láti mọ bó ṣe yára tó. Ìyẹn ń wọn bí ẹ ṣe lè kọ nǹkan gbọọrọ kan. Ìkànnì yín kì í kọ ọ́ báyẹn, ìbéèrè kéékèèké ló ń ṣe. ioping sàn jù, kò sì ní ba oorun àwọn tí ẹ jọ wà lórí ẹ̀rọ jẹ́. Àwọn kan ń fi dd ṣọ́ VPS wọn ní wákàtí wákàtí, wọ́n sì ń kígbe pé aládùúgbò ń yọ àwọn lẹ́nu.

Ní ìdàkejì, ọ̀nà kan wà tí st fi lè ga láìsí pé ẹnikẹ́ni rẹ́ yín jẹ, ó sì tọ́ ká mọ̀ ọ́n torí òun ni àpẹẹrẹ àtàjù tó dára jù tí mo mọ̀. Ní 2014, Amazon gbé irú VPS kan tí wọ́n ń pè ní t2 jáde. Wọn ò sọ pé CPU kan jẹ́ tìrẹ. Wọ́n ní t2.micro ń gba credit 6 ní wákàtí kan, credit kan sì jẹ́ odidi CPU fún ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú 6 nínú 60, ìdá mẹ́wàá CPU kan nìyẹn. Ẹni tó bá sùn lálẹ́ lè tọ́jú tirẹ̀ títí dé 144, tí í ṣe ti odidi ọjọ́ kan, kó wá ná an ní ọ̀sán nígbà tí èrò bá pọ̀. Bí credit bá tán, wọ́n á dá a padà sí ìdá mẹ́wàá, st á sì fò sókè. Àtàjù ni, kò sí iyèméjì. Àmọ́ onílé ti sọ iye tó wà nínú tánkì, ó sì ti sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ní Sátidé.

Nígbà náà, ẹni tó bá fẹ́ rajà, kí ni kó bèèrè? "Ṣé KVM ni?" kò tó. Ẹ bèèrè bóyá KSM àti balloon wà ní títan lórí ẹ̀rọ ìyá, àti bóyá ẹ̀rọ ìyá ń lo swap. Ẹ bèèrè vCPU mélòó ni wọ́n ń tà lórí thread kan. Ẹ bèèrè bóyá disk jẹ́ thin, ìyẹn èyí tí wọn kì í ya ààyè rẹ̀ sọ́tọ̀ ṣáájú, torí bí àpò disk tí gbogbo èèyàn ń pín bá kún, VPS tó ní GB 30 tó ṣófo lójú ara rẹ̀ lè kọ̀ láti kọ byte kan sílẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á dáhùn ní gbólóhùn mẹ́rin. Ẹni tó bá dáhùn pé "sáfà wa lágbára gan-an", ẹ ti rí ìdáhùn gbà. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró, kó san owó CPU tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún òun nìkan. Wọ́n ń tà á níbi púpọ̀, ó sì wọ́n ju ti àjọlò lọ. Nínú ìyàtọ̀ owó yẹn lẹ ti lè rí iye tí àtàjù ń dín kù fún àwa tó kù.

Mo mọ̀ pé àwọn kan wà nínú gbọ̀ngàn yìí tó ń háyà ẹ̀rọ ńlá nílẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n ń pín in tà fún àwọn oníṣòwò wa ní náírà. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kẹ́yìn sí. Dọ́là lẹ fi ń sanwó ẹ̀rọ ìyá, mo mọ bó ṣe ń dùn yín. Bí ẹ bá máa ta CPU jù, ẹ tà á, kẹ́ ẹ máa wo st láti ìhà tiyín. Ẹ má fọwọ́ kan RAM. Ẹ yí aago iṣẹ́ òwúrọ̀ padà nínú template yín kí ó máa yàtọ̀ láti orí VPS kan sí òmíràn. Ìlà kan péré ni, kò ná yín ní kọ́bọ̀. Kẹ́ ẹ sì kọ iye vCPU tí ẹ ń tà lórí thread kan sí ojú ewé tí oníbàárà ti ń rí owó ọjà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà RAM, ní lẹ́tà tó tóbi bákan náà.